Òróró Àlòkù Ẹ́ńjìnnì: Iṣẹ́ Tí Kò Tíì Parí

Ẹni tó bá ń gba ojú títì ńlá tó ti Kútọnu lọ sí Parakou, bó bá ti wọ agbègbè Ṣaworo, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Tchaourou, kò ní í pẹ́ kó tó rí àwọn ibi tí ilẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Abẹ́ igi máńgòrò ni ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́, tàbí abẹ́ àtíbàbà onípáànù tí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn. Kì í ṣe iná ló jó ilẹ̀ náà. Òróró ẹ́ńjìnnì ni, èyí tí wọ́n ti ń tú kúrò nínú ọkọ̀ àti alùpùpù láti ọdún dé ọdún, tí ilẹ̀ ti mu ún yó. Koríko kì í hù níbẹ̀ mọ́. Bí òjò bá sì rọ̀, omi tó bá ṣàn kọjá níbẹ̀ a máa dán lójú bí òṣùmàrè, a sì bá àgbàrá lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà láti wò.

Ilẹ̀ dúdú yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ó wà lẹ́yìnkùlé àwọn ilé pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì fúnra wọn, iṣẹ́ tí tọmọdé tàgbà ní Benin mọ̀ sí vidange. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò burú. Ìmọ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ ní ni. Ohun tó burú ni pé wọ́n ń dá iṣẹ́ náà dúró ní agbede méjì. Wọ́n á tú èyí tó gbó, wọ́n á rọ tuntun, wọ́n á nu ọwọ́, wọ́n á sì gbàgbé pé èyí tó gbó náà ṣì wà láyé. Pípààrọ̀ òróró kò tíì parí títí òróró àlòkù yóò fi dé ibi tí kò ti ní í ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí àwọn ará agbègbè yìí fi ń ṣe iṣẹ́ náà nílé. Nínú gbogbo kọ́múùnù 77 tó wà ní Benin, kò sí èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ti Tchaourou: ó lé ní 7,200 kìlómítà níbùú lóròó. Ìkànìyàn ọdún 2013 rí ènìyàn tó lé ní 220,000 níbẹ̀, tí wọ́n fọ́n ká sí ẹkùn méje: Tchaourou fúnra rẹ̀, Alafiarou, Bétérou, Goro, Kika, Sanson àti Tchatchou. Oko iṣu, oko kájú àti oko òwú ló wà láàárín abúlé kan sí èkejì. Ẹni tí alùpùpù rẹ̀ nílò òróró tuntun ní abà tó jìnnà kò ní í torí ìyẹn nìkan rin ìrìn ọ̀pọ̀ kìlómítà wá sí ìlú. Kì í sì í ṣe ọkọ̀ àti alùpùpù nìkan ló ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo àti èlùbọ́ wà ní abúlé, ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí wà níbẹ̀, ẹ̀rọ amúnáwá wà, ẹ̀rọ tó ń fa omi sí ọgbà ẹ̀fọ́ náà wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń mu òróró ní pupa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń dá a padà ní dúdú.

Iṣẹ́ tí òróró ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì ju kí irin má fi ara gbo irin lọ. Òun ló ń gbé ooru kúrò ní ibi tí omi inú rédíétọ̀ kò lè dé. Òun ló ń fọ ẹ̀gbin èéfín àti eruku kúrò lára irin. Òun ló ń dí àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín písítìnnì àti ògiri tó ń sá lọ sá bọ̀ nínú rẹ̀. Òun náà ni kì í jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà. Nítorí náà, òróró tó di dúdú kì í ṣe àmì pé òróró náà kò dára. Àmì pé ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìdọ̀tí tí ìbá ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ló kó mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá pọ̀ lórí alárù, alárù á dúró. Bí òróró bá ti gba ìdọ̀tí kọjá ohun tó lè gbé, tí ooru sì ti sọ ọ́ di ṣíṣàn bí omi, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin.

Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀? Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ló ní ọ̀rọ̀ àkọ́sọ lórí èyí. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í jẹ́ kí òróró lásán kọjá 5,000 kìlómítà nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́ láyé, nígbà tí òróró tí wọ́n fi ọgbọ́n kẹ́míkà ṣe lè rin 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń rìn ní àwọn ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó wọ inú oko, pàápàá ní àsìkò ọyẹ́ tí eruku ń fẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò yẹ kó dúró de iye kìlómítà tí wọ́n kọ fún ẹni tó ń rìn lórí ọ̀dà tó mọ́. Ọkọ̀ tí kì í rìn púpọ̀ náà kò yọ sílẹ̀, torí òróró a máa gbó bó tilẹ̀ jókòó lójú kan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó kéré jù.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé, iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ó ní ètò. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ó fa bíréèkì ọwọ́, kí ó fi òkúta dí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí òróró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ṣàn ju èyí tó tutù lọ, ó sì ń gbé ìdọ̀tí dání jáde. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn-àjò dé, kí ó dúró ná, torí òróró gbígbóná a máa bó ènìyàn lára. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Jáàkì lè yọ̀, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ gbà mú. Ẹni tí kò bá ní irin ìdúró tó lágbára tàbí kòtò iṣẹ́, kí ó fi èyí sílẹ̀ fún ẹni tó ní in.

Lẹ́yìn èyí, kí ó ṣí ìdérí òkè tí wọ́n ń gbà rọ òróró, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Kí ó gbé abọ́ fífẹ̀ sí abẹ́ bóòtù ìsàlẹ̀ kó tó tú u. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré máa ń gba òróró tó lítà mẹ́rin sí márùn-ún, nítorí náà abọ́ lítà mẹ́ta á kún àkúnwọ́sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó tán. Kí ó jẹ́ kó ṣàn títí yóò fi máa kán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ó bá pààrọ̀ òróró láìpààrọ̀ fílítà, bí ẹni tó wẹ̀ tán tó tún wọ aṣọ ìdọ̀tí ni. Bó bá ń yọ fílítà àtijọ́, kí ó wò ó dájú pé rọ́bà rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, torí rọ́bà méjì lórí ara wọn ni jíjò kì í fi í tán. Kí ó fi òróró tuntun pa rọ́bà ti fílítà tuntun, kó fi ọwọ́ dè é títí yóò fi kan, kó sì yí i díẹ̀ sí i bí wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀. Bóòtù ìsàlẹ̀ náà ń fẹ́ ìwọ̀n: bó bá dẹ̀ jù, á jò, bí wọ́n bá sì fi ìbínú dè é, ojú ihò rẹ̀ á bàjẹ́, owó tí wọ́n rò pé wọ́n ti fi pa mọ́ á sì jáde ní ìlọ́po.

Lẹ́yìn náà ni kí ó fi àrọ rọ tuntun, kó dá díẹ̀ dúró ná, kó tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kó wo abẹ́ bóyá ó ń jò, kó pa á, kó dúró kí òróró padà sísàlẹ̀, kó tó fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ. Àárín àmì méjì tó wà lára ọ̀pá náà ni òróró gbọ́dọ̀ wà. Àpọ̀jù kì í ṣe oore: òróró tó bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ á máa hó nínú ẹ́ńjìnnì bí ọṣẹ, ìfófòó kò sì lè dáàbò bo irin. Ìparí rẹ̀ ni kí ó kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà sórí ìwé kékeré kan, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ọkọ̀, nítorí ìrántí ènìyàn kì í bá kìlómítà rìn.

Yíyan òróró náà tún jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n máa ń kọ nǹkan bíi 15W-40 tàbí 20W-50 sára ike. Nọ́ńbà tó ṣáájú lẹ́tà W ń sọ bí òróró náà ṣe ń ṣàn nígbà òtútù. Èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní SAE ló ṣe ètò nọ́ńbà wọ̀nyí, gbogbo ayé sì ti gbà á. Lẹ́tà méjì tún máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ API: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S wà fún ẹ́ńjìnnì tó ń mu bẹntiróòlù, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C wà fún èyí tó ń mu gasoil. Ẹni tó bá mọ nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn ta ohunkóhun fún un. Ṣùgbọ́n òróró tí wọ́n bù láti inú àgbá sínú ìgò, tí wọ́n tò sí etí títì láìní orúkọ, láìní nọ́ńbà, kò sí ẹni tó mọ ìyá tó bí i. Ó lè dára; ó sì lè jẹ́ àlòkù tí wọ́n sẹ́. Asẹ́ lè mú pàǹtí ńlá, kò lè mú èyí tó ti yòrò mọ́ òróró.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sí abọ́ tó wà nílẹ̀, tí lítà mẹ́rin òróró dúdú wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tó wà nínú ike lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Irin tín-ín-rín tó gbo kúrò lára ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀. Síńkì tí ilé-iṣẹ́ fi sí i láti dáàbò bo irin ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni àwọn èròjà tí epo ń bí nígbà tó bá ń jó, tí wọ́n ń rọra wọ inú òróró. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ń pè ní benzo[a]pyrène, èyí tí àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ní ìlú Lyon ní France ti kọ sí ipò kìíní láàárín àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ẹni tó bá ń ki ọwọ́ bọ inú òróró àlòkù lójoojúmọ́, tó ń fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ kúrò, ń fi ẹran ara rẹ̀ tọrọ àìsàn. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ọṣẹ àti omi ni ó yẹ iṣẹ́ náà. Àkísà tó ti mu òróró kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, EPA, ti ń kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé òróró àlòkù tó jáde lára ọkọ̀ kan ṣoṣo, ní ìgbà kan ṣoṣo, lè ba omi tó mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù jẹ́, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,800,000 lítà. Ìdí rẹ̀ ni pé òróró kì í jẹrà kíákíá. Kì í pò mọ́ omi. Ó ń tẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹní, ó sì ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ ohun abẹ̀mí tó wà nísàlẹ̀. Òórùn àti adùn búburú rẹ̀ a máa hàn nínú omi bó tilẹ̀ kéré gan-an.

Ní agbègbè Tchaourou, ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀pọ̀ abúlé ló jẹ́ pé kànga tàbí ẹ̀rọ afọwọ́fà ni wọ́n ń pọn, ẹ̀rọ ìlọta tó ń da òróró sílẹ̀ kò sì sábà jìnnà sí ibi omi, nítorí pé àárín abúlé ni àwọn méjèèjì máa ń wà. Ní ìlà-oòrùn ni odò Okpara wà, tó pààlà pẹ̀lú Nàìjíríà. Ìdídò tó wà lórí rẹ̀ ló ń fún ìlú Parakou lómi mímu. Ní ìwọ̀-oòrùn, odò Ouémé ń kọjá ní Bétérou. Okpara á ṣàn lọ pàdé Ouémé níwájú, Ouémé á sì máa bá tirẹ̀ lọ títí dé adágún Nokoué lẹ́bàá Kútọnu. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó da òróró sí etí àgbàrá tó ń wọ Okpara ń dà á sọ́nà ìkòkò omi ẹlòmíràn. Ẹni tó dà á kò mọ ẹni tí yóò mu ún. Ẹni tí yóò mu ún kò mọ ẹni tó dà á. Irú àìmọra báyìí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ dun ẹni tó ń dá a.

Àwọn kan á sọ pé díẹ̀ ni, kí ni lítà kan alùpùpù lè ṣe fún odidi ilẹ̀? Ìṣirò kékeré lè dá wọn lóhùn. Ká ní ọlọ́kadà kan ń rin 100 kìlómítà lóòjọ́, tó sì ń pààrọ̀ lítà kan òróró ní gbogbo 2,000 kìlómítà. Ogúnjọ́ ogúnjọ́ ni yóò máa pààrọ̀ rẹ̀, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi lítà 18 lọ́dún. Ọgọ́rùn-ún ọlọ́kadà bẹ́ẹ̀ á tú lítà 1,800 sílẹ̀, èyí tó kún àgbá onílítà 200 mẹ́sàn-án. Kò tíì kan àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ń kọjá lọ sí ìhà Malanville àti Niger, tí ẹyọ kan nínú wọn lè gba lítà tó lé ní ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni àsìkò ti yí padà. Alùpùpù àtijọ́ tí wọ́n ń po òróró mọ́ epo fún a máa jó òróró rẹ̀ dànù, èéfín rẹ̀ ni ará ìlú ń fà símú. Àwọn alùpùpù tòde òní kì í rú èéfín bíi tìyẹn, ó sì yẹ kí a dúpẹ́; ṣùgbọ́n òróró wọn wà nínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tú u. Ohun tó ń gba ojú ọ̀run lọ tẹ́lẹ̀ ló ń gba ilẹ̀ lọ báyìí.

Àwọn mìíràn á sọ pé òróró àlòkù kì í ṣòfò, pé ó wúlò. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ọgbọ́n àwọn àgbà. Wọ́n ń fi kun òpó ilé àti igi ọgbà kí ikán má jẹ ẹ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ-igi ń dà á sí ẹ̀wọ̀n ayùn tó ń gé gẹdú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ikán kò bọ̀wọ̀ fún ènìyàn. Kò yẹ kó kan igi àká àgbàdo tàbí ti ọgbà tí wọ́n ń so iṣu mọ́. Kò yẹ kó kan òpó tó wà létí kànga. Kò yẹ kí wọ́n fi pa egbò ẹran ọ̀sìn tàbí ti ènìyàn. Kò yẹ kí wọ́n fi dáná tí oúnjẹ wà lórí rẹ̀, nítorí irin inú rẹ̀ á bá èéfín jáde. Kò sì yẹ kí wọ́n wọ́n ọn sílẹ̀ kí eruku má baà fẹ́, torí àgbàlá tí kò ní eruku ṣùgbọ́n tí ọmọdé ń rá nínú òróró kò tíì rí èrè.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò omi tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nílẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ìgò ta epo, tí wọ́n ti ń fi ìgò ta òróró ẹ̀pà, ọmọdé kò lè mọ ìyàtọ̀. Ike tí òróró tuntun bá wá ni ilé tó yẹ àlòkù. Bí ó bá ti wọ inú rẹ̀, kí wọ́n dé e pa, kí wọ́n kọ ÀLÒKÙ gàdàgbà sí i lára, kí wọ́n gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò dé. Àǹfààní kejì wà níbẹ̀: ike tí wọ́n ti kọ àlòkù sí kò tún lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò fi ayédèrú òróró kún un, tí yóò sì tà á bíi tuntun. Kí wọ́n má ṣe da omi, bẹntiróòlù tàbí òróró bíréèkì pọ̀ mọ́ ọn, nítorí àdàlù kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin-àgbà Benin ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ ní abala 27 pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó mọ́, tó sì tún jẹ́ ojúṣe wọn láti dáàbò bò ó. Abala 28 tó tẹ̀ lé e sọ̀rọ̀ ìdọ̀tí olóró, kò sì mọ sórí ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó dárúkọ ibi iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú, irú èyí tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Òfin àyíká nọ́ńbà 98-030 ti ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1999 wà. Àṣẹ ìjọba nọ́ńbà 2003-330 ti ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2003 sì dá lórí òróró àlòkù gan-an. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ pé Benin kò ronú sí i. Àmọ́ òfin tí wọ́n kọ sórí ìwé kò ní abọ́ tó lè fi gba òróró. Mẹkáníìkì tí wọ́n bá sọ fún pé kó má dà á sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé ibo ni kí òun dà á sí. Títí ìbéèrè yìí yóò fi rí ìdáhùn, ìyà tí wọ́n bá fi jẹ ẹ́ kò ní í mú ilẹ̀ mọ́.

Ìdáhùn náà kò sì jìnnà. Ní France, àṣẹ tí ìjọba pa ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 1979 ló ti fi ètò kíkó òróró àlòkù jọ lélẹ̀: àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pa á mọ́ sínú àgbá, àwọn tí ìjọba fún láṣẹ sì ń wá kó o. Ohun tí wọ́n kó kì í kú. Wọ́n lè yọ́ ọ mọ́ kó tún di òróró tuntun. EPA ní gálọ́ọ̀nù kan òróró àlòkù á mú òróró ẹ́ńjìnnì tuntun jáde tó iye tí gálọ́ọ̀nù 42 epo rọ̀bì ń mú jáde. Èyí tí wọn kò bá yọ́, iná ńlá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì lè jó o láìsí pé ó wọ odò ẹnikẹ́ni. Ẹrù owó ni àwọn ará ibòmíràn rí nínú ohun tí àwọn ará ibí ń rí bí ẹ̀gbin.

Tchaourou kò nílò láti dúró de ilé-iṣẹ́ ńlá kó tó bẹ̀rẹ̀. Àgbá onídérí kan lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́, lábẹ́ páànù tí òjò kò lè wọ̀, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan lára wọn ti ń pa tiwọn mọ́ tẹ́lẹ̀ torí pé wọ́n ń rí ẹni rà á; kí èyí di àṣà gbogbo wọn, kí ọ̀gá sì máa kọ́ ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì àti ti àwọn ọlọ́kadà fi í sínú òfin ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó ń ta òróró tuntun ló mọ iye ike tó ń jáde. Ó tọ́ kó gba àlòkù padà lọ́wọ́ oníbàárà tó bá dá a padà, ìbá à tilẹ̀ jẹ́ kó dín owó díẹ̀ fún un lórí tuntun. Ilé-iṣẹ́ kọ́múùnù lè ya ibi kan sọ́tọ̀ ní ẹkùn méjèèje, tó jìnnà sí kànga àti sí odò, tí ẹni tó ti abà wá sí ọjà lè gbé ike rẹ̀ sílẹ̀ sí. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni kó rí i pé ọkọ̀ tó ń kó àgbá náà ń dé Tchaourou, kó má jẹ́ pé Kútọnu nìkan ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ibẹ̀ náà sì ti ń parí.

Kò sí èyí tó pọ̀ ju agbára lọ nínú gbogbo rẹ̀. Owó àgbá kan kò tó owó ẹ́ńjìnnì kan, kò sì tó owó ìtọ́jú àìsàn kan. Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òróró kì í fò bí eérú, kì í yára bí eérú, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà kan náà. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló ń gbà, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà sì ni okùn kànga ń lọ bá omi. Ẹni tó bá tún dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó tú bóòtù, tí òróró dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sínú abọ́, kí ó ti gbé ike tó ní ìdérí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ike náà bá dé inú àgbá ni iṣẹ́ ọjọ́ náà tó parí.